Orin Mọ́kàndínlógún Tí Mo Fọ̀ Dànù

Ọ̀rẹ́ mi, má bínú tí ọ̀rọ̀ mi bá ń wọ́. Kíláàsì kejì ní girama ni mo ti fi ilé-ìwé sílẹ̀, ìwé kíkọ ò sì tíì mọ́ mi lọ́wọ́. Bí mo ṣe rí i ni n ó ṣe sọ ọ́.

Òórùn ẹ̀rọ fótókọ́pì tó ti gbóná, tó dà pọ̀ mọ́ èéfín jẹnẹrétọ̀, ló máa ń kọ́kọ́ wọ imú mi bí mo bá rántí àsìkò yẹn. Ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan ní Ìkàrẹ́, tí kò jìnnà sí ọjà, ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mò ń gbálẹ̀, tí mò ń ṣe fótókọ́pì, tí mò ń fi ọ̀rá bo ìwé-ẹ̀rí àwọn ènìyàn. Ojú máa ń tì mí láti bá oníbàárà sọ̀rọ̀, nítorí náà ọ̀gá mi obìnrin fi mí sí ẹ̀yìn, nídìí kọ̀ǹpútà kan tí bọ́tìnnì mẹ́ta ti bọ́ lára rẹ̀.

Ìyá bàbá mi ń gbé ní Ọ̀kà. Bí wọ́n bá ti sọ ọmọ lórúkọ nínú agbo ilé wa, tí Áfà ti ṣe àdúà tán, Ìyá àgbà á gbé ọmọ náà, á sì fún un ní orin tirẹ̀, èyí tí wọn ó máa fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. A kì í fi orin ọmọ kan rẹ ọmọ mìíràn. Mọ́kàndínlógún ni wá, àwọn kan wà ní Kánò, àwọn kan ti kọjá òkun. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni mo ń lọ bá Ìyá àgbà. A ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta tó sá láfún sí, òórùn kíkan láfún á máa bá atẹ́gùn wá, òun á máa kọrin, èmi á máa gba ohùn rẹ̀ sínú fóònù, n ó sì kọ ọ̀rọ̀ orin náà sínú fóònù ọ̀hún. Lọ́jọ́ Ajé n ó gbé ọ̀rọ̀ náà sórí búlọ́ọ̀gù tí mo ṣí, kí gbogbo wa lè rí i kà níbi tí a bá wà.

Lọ́jọ́ kan ó bi mí pé, “Ṣé o ti mọ̀ ọ́n?”

Mo ní mo ti kọ ọ́.

“Mi ò bi ọ́ bóyá o kọ ọ́.” Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín.

Tèmi la ṣe kẹ́yìn. Kò pẹ́ sígbà náà ni rọpárọsẹ̀ kọlù ú. Apá rẹ̀ ọ̀tún kú, ahọ́n rẹ̀ wúwo, kò lè pe orúkọ mi mọ́.

Àgùnbánirọ̀ kan máa ń wá lo íńtánẹ́ẹ̀tì wa nígbà náà, Kọ́pà là ń pè é. Òun ló sọ fún mi pé àwọn tó ṣe ètò tí mo fi ṣí búlọ́ọ̀gù náà ti gbé ẹ̀dà tuntun jáde fún ìdánwò, wọn ò tíì parí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ lè máa bá wọn dán an wò. Ó fa àga sún mọ́ mi, ó ń ka ohun tuntun inú rẹ̀ bí ẹni ń ka ẹrù ìyàwó. Ẹ̀dà náà ń fi iṣẹ́ pamọ́ fúnra rẹ̀, ìbáà jẹ́ pé iná lọ. Àmì orí ọ̀rọ̀ kò ní í máa sá lọ mọ́. Gbogbo ohun tí ènìyàn ti kọ á tò sójú kan bíi pátákó, a sì lè gbé ohùn sábẹ́ ohun tí a kọ. Ó ní kí n má gbàgbé o, ìdánwò ni. Èmi, ti ohùn yẹn nìkan ni mo gbọ́. Mo ní kó bá mi gbé e wọlé.

Mo to ohùn Ìyá àgbà sábẹ́ orin kọ̀ọ̀kan, mo sì pa ohùn àti ọ̀rọ̀ rẹ́ lórí fóònù mi, torí ó ti kún. Nísàlẹ̀ pátákó náà ni wọ́n ya kànìnkànìn kékeré kan sí.

Ilé kéwú ni mo ti kọ́kọ́ mọ ìwé. Níbẹ̀, bí Áfà bá ti gbọ́ kéwú lẹ́nu rẹ, wàá fọ wàláà, pátákó ìkéwú rẹ, mọ́ kó tó kọ òmíràn sí i. Èyí tó o fọ̀ kò sọnù, ó ti wọ orí rẹ. Mo wo pátákó tó kún fọ́fọ́ yẹn, mo ní orin ti dé etí ayé, wàláà ló kù kí n fọ̀. Mo tẹ kànìnkànìn náà. Ẹ̀rọ bi mí ní nǹkan kan, Gẹ̀ẹ́sì gígùn. Kọ́pà wà nítòsí, ó ń jẹ ẹ̀pà. Ojú tì mí láti bi í. Mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni.

Gbogbo rẹ̀ di funfun.

Ẹ̀dà àtijọ́ ní ibi tí ohun tí a pa rẹ́ máa ń wà fúngbà díẹ̀, wọn ò tíì fi ìyẹn sínú ti ìdánwò. Kọ́pà kọ̀wé sí wọn. Lọ́jọ́ kẹta wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ wa gan-an, wọ́n ní ohun tí a rí yìí yóò ràn wọ́n lọ́wọ́ nínú ẹ̀dà tó ń bọ̀. Kọ́pà ò wo ojú mi. “Àbúrò, kò sí ohun tí a lè ṣe sí i mọ́.” Mo rántí bí Áfà ṣe máa ń fi ẹni tó bá sáré fọ wàláà ṣe yẹ̀yẹ́: “Omi ló mọ kéwú yẹn, kì í ṣe ìwọ.”

Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi pè láti Kánò. Ó ti bímọ. Ó ní níwọ̀n bí Ìyá àgbà kò ti lè fún ọmọ náà ní orin, òun fẹ́ yá a ní tòun, ṣùgbọ́n òun wá a títí, òun ò rí i. Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni.

Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, mo lọ sí Ọ̀kà, mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́ fún Ìyá àgbà. Mi ò mọ̀ bóyá ó yé e. Ó gbé ọwọ́ òsì lé mi lẹ́yìn, ó ń gbá a jẹ́jẹ́, bí a ṣe ń gbá ọmọ tó fẹ́ sùn. Mo mọ̀ pé orin kan ni, ṣùgbọ́n ti ta ni? Mo tẹ́tí títí. Ó la ẹnu, ó tún pa á dé. Nínú tèmi pàápàá, ibi tí ó ti dárúkọ òjò nìkan ni mo rántí.

Ìyá àgbà ti lọ báyìí. Mo ti rò ó títí, mi ò lè di ẹ̀bi ru ẹ̀rọ. Ọjọ́ tí mo kọ orin kọ̀ọ̀kan ni mo ti gbé e kúrò lórí mi, kànìnkànìn yẹn kàn bá mi parí rẹ̀ ni.

Ṣùgbọ́n lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì tí mo jẹ́wọ́ fún un ní Ọ̀kà, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù kí ọ̀gá mi tó dé. Mo gbálẹ̀, mo tan kọ̀ǹpútà, mo ṣí pátákó funfun náà. Mo kọ orúkọ àwa mọ́kàndínlógún, ọ̀kọ̀ọ̀kan lójú ewé tirẹ̀, mo kọ tèmi kẹ́yìn. Mi ò kọ nǹkan kan sábẹ́ ìkankan. Ẹ̀rọ náà sì fi wọ́n pamọ́ fúnra rẹ̀.