Eyín Méjì Tí Bàbá Fẹ̀hìntọlá Fẹ́ Gbìn

Bàbá Fẹ̀hìntọlá fi àtàǹpàkò gbé ètè òkè rẹ̀ díẹ̀, ó fi ahọ́n tọ́ àlàfo iwájú ẹnu rẹ̀ wò, ó sì yára pa ẹnu dé, bí ẹni tó yọjú wo inú ilé onílé.

Télọ̀ ni, ní Òfin, ní Ṣàgámù. Láti ọdún 1984 tí eyín iwájú méjì ti yọ, kò lè fi ẹnu já òwú mọ́. Ìyẹn kò dùn ún. Obì ló dùn ún. Òun ni àgbà ilé, ẹni tó bá sì súre sí obì ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gé e jẹ. Adétóun, ìyàwó rẹ̀, ló ń bá a rin tirẹ̀ bí ẹ̀gẹ́. Ìdána Ṣìkẹ́mi ọmọ wọn ń bọ̀ ní oṣù Kejìlá. Bàbá kò fẹ́ jẹ obì rínrin níwájú àna.

Ní ìparí oṣù Karùn-ún, Dókítà Láídé, tó kọ́ iṣẹ́ eyín ní Sweden, ní òun lè ri irin kékeré méjì mọ́ eegun inú erìgì rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, eyín á jókòó lé e. Àmọ́ Bàbá ní àtọ̀gbẹ.

"Bí ṣúgà bá pọ̀ lára yín, egbò ò ní jiná, eegun ò ní di irin mú. Ẹ lọ tọ́jú ara yín fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ná."

Bàbá mu omi ewúro fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ògì rẹ̀ kò fojú kan ṣúgà.

Òwúrọ̀ ọjọ́ tí yóò padà lọ ni Lìádì, ọmọ àbúrò rẹ̀, sọ ọmọ lórúkọ. Bàbá ló súre. Ibẹ̀ ló gbà dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Dókítà ju oògùn sínú ìtọ̀ Bàbá. Bí kò bá sí ṣúgà níbẹ̀, ó yẹ kó di búlúù. Ó hó, ó pọ́n bíi bíríkì.

"Bàbá, kí lẹ jẹ?"

"Mi ò jẹ nǹkan kan. Mo kàn tọ́ oyin wò ni."

"Ṣíbí mélòó?"

Bàbá wo àjà. "Mi ò lè gé obì, mo fi oyin dípò ẹ̀. Mi ò lè gé orógbó, mo fi oyin dípò ẹ̀. Ataare . . ."

"Ataare ò le, Bàbá."

"Ó ta mí lẹ́nu. Mo fi oyin pa á."

"Ṣíbí mẹ́ta nìyẹn."

"Ìbejì ni wọ́n, Dókítà."

Dókítà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mìíràn."

"Oṣù Kejìlá ńkọ́?"

"Ó di ọdún tuntun, Bàbá."

Bàbá ki ọwọ́ bọ àpò, ó mú awẹ́ obì kan jáde. "Ẹ bá mi gé e."

Dókítà gé e. Ó dún kàrà. Bàbá gbé orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń gbọ́.

"Ṣé ẹ máa wà nílé ní oṣù Kejìlá, lọ́jọ́ ìdána ọmọ mi?"

Ẹnu Dókítà ṣì kún. Bàbá gbé fìlà rẹ̀ dé, ó sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó ń lọ.