Orúkọ Tí Ìyá Àgbà Kò Lè Pè

Òórùn irú ni mo fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́ nílé wa ní Ọ̀fà. Kí àkùkọ tó pinnu bóyá yóò kọ, wóró igbá tí ìyá mi gbé kaná láti ìdájí á ti máa hó, òórùn rẹ̀ á wá máa wọ yàrá lọ́kọ̀ọ̀kan bí agbowó-orí tó mọ ilẹ̀kùn gbogbo wa. Àlejò á di imú. Àwa tí wọ́n bí sínú rẹ̀, ebi ló máa ń pa wá.

Àárọ̀ ọyẹ́ kan báyìí, ní àárín àwọn ọdún 1980, ni alùpùpù Fẹ́sípà Tíṣà kọ́kọ́ dún lẹ́nu ọ̀nà wa. Eruku ti kùn ún lójú títí dé ìpéǹpéjú, ó dà bí ẹni tó ṣubú sínú àpò èlùbọ́. Ó gbé rédíò agbohùnsílẹ̀ kan mọ́ àyà, ó fi aṣọ ìnura bò ó, ó ń tẹlẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ìyá ọmọ tuntun. Ìyá mi wò ó láti ìdí ìkòkò, ó ní kó rọra o, kí ọmọ má baà jí.

Ọmọ ilé onígbàgbọ́ ni Tíṣà, Áńgílíkà ni wọ́n láti ìgbà bàbá bàbá rẹ̀, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì ní ìtàn. Ó wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan tí ẹnikẹ́ni kò rán an. Bó bá ti di Sátidé, á gbé rédíò yẹn, á máa lọ bá àwọn arúgbó nílé, á ní kí wọ́n sọ ibi tí wọ́n ti wá, iṣẹ́ tí wọ́n ṣe, orin tí wọ́n dá. Ìyá mi bi í pé kí ló fẹ́ fi wọ́n ṣe. Ó ní àwọn tó ń kọ ìtàn, ọba àti ogun nìkan ni wọ́n ń kọ, òun fẹ́ gbọ́ ti ẹni tó gún iyán tí ọba jẹ. Ìyá mi ní ìyẹn dára, ṣùgbọ́n ṣé ẹ̀rọ náà kò ní gba òórùn irú òun sínú, kí àwọn òyìnbó má baà máa wá òun kiri.

Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ni Tíṣà wá bá. Kò sí ọmọge tó fẹ́ lọ sílé ọkọ ní àdúgbò wa tí kì í kọ́kọ́ wá jókòó lórí ẹní rẹ̀ láti kọ́ ẹkún ìyàwó. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi á rántí bí ìyàwó ṣe máa ń fi ewì sunkún lọ́jọ́ tó bá ń lọ, tí á kí ìyá, tí á kí bàbá, tí gbogbo ilé á sì máa wá ibi nu ojú sí. Èyí tí wọ́n ń kọ́ lọ́dọ̀ Ìyá Àgbà yàtọ̀. Mo ṣì mọ ọ̀kan:

Ìyá mi, mo ń lọ, mi ò lọ jìnnà,
Èéfín ìdáná yín ni n ó máa wò lókèèrè.
Bó bá rú, n ó mọ̀ pé ẹ ti jí.
Bí kò bá rú, n ó gbàgbé pé mo lọ́kọ, n ó sáré wálé.

Mo ti rí alápatà tó gbọ́ èyí tó ní kòkòrò ló wọ òun lójú.

Sátidé mẹ́ta gbáko ni Ìyá Àgbà fi sọ ayé rẹ̀ sínú ẹ̀rọ. Wọ́n gbà kí n jókòó tì wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n ní n kò gbọdọ̀ lanu. Ẹnu mi ni gbogbo ilé ń bẹ̀rù. Ìyá mi máa ń sọ pé, "Ẹnu rẹ á ti dé Ìlọrin kí ẹsẹ̀ rẹ tó wọ bàtà." Mo di ẹnu mú, mo sì gbádùn ara mi, nítorí kò sí ẹnì kan tó ní orúkọ gidi nínú ìtàn Ìyá Àgbà. Ìyàwó ilé ni, ìyàwó ilé kì í sì í pe orúkọ ẹni tó bá nílé ọkọ, bí onítọ̀hún tilẹ̀ ń rákò lọ́jọ́ tó wọlé. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ gbogbo wọn lórúkọ. Akọ̀wé ni ẹni tí kò rí sílétì rí. Ajíwẹ̀ ni ẹni tó kórìíra omi. Bí ó bá ti ń dárúkọ wọn ni ìyá mi ń rẹ́rìn-ín nídìí ìkòkò, nítorí òun náà ìyàwó ni, ó sì ti sọ àwọn kan lórúkọ tó burú ju ìyẹn lọ.

Ní Sátidé kẹrin ni Tíṣà gbé kásẹ́ẹ̀tì wá hàn wá. Ó ti lẹ bébà mọ́ ọn lára, ó sì ti fi bírò pupa kọ nǹkan sí i. Ìyá Àgbà kò mọ̀wé, ó ní kí n kà á fún òun. Ìwé márùn-ún ni mo wà nígbà yẹn, mo sì fẹ́ kí ayé mọ̀. Mo gbé ohùn sókè, mo kà á pé ẹkún ìyàwó tí Ìyá Àgbà ṣe nìyí, mo dárúkọ rẹ̀ àti orúkọ ilé wa. Mo ń retí kí wọ́n pàtẹ́wọ́.

Ìyá Àgbà gbé ife ògì rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Pa á rẹ́."

Tíṣà rò pé àṣìkọ ló wà níbẹ̀. Ìyá Àgbà ní kì í ṣe àṣìkọ, irọ́ ni. Òun kọ́ ló ṣe ẹkún wọ̀nyẹn. Ẹyinjúẹgẹ́ ló ṣe wọ́n. Gbogbo wa ti gbọ́ orúkọ Ẹyinjúẹgẹ́ nínú ìtàn rẹ̀ tipẹ́, a kàn rò pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ lásán ni. Àbúrò ọkọ rẹ̀ ni, ọmọbìnrin ilé wa, tó ti pé ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ́jọ́ tí Ìyá Àgbà wọlé. Òun ló ń dá ẹkún náà bó bá ń ṣa ẹ̀fọ́, Ìyá Àgbà á sì há a sórí. Ó kú kí ó tó bímọ. Kò sí ẹni tí á máa pè é ní ìyá lágbájá, kò sì sí ẹni tí á máa dárúkọ rẹ̀ bó bá ń ṣe ìrántí.

Ìyá Àgbà wá sọ pé, "Tíṣà, o ti sọ mí dolè. Kò ní í pẹ́ tí n ó lọ bá a. Bó bá bi mí léèrè ẹkún rẹ̀, kí ni n ó wí?"

Tíṣà tọrọ àforíjì, ó ní kò le, òun á kọ Ẹyinjúẹgẹ́ síbẹ̀. Ìyá Àgbà mi orí. Ó ní, "Èmi ni mo fún un ní orúkọ yẹn. Bí o bá kọ ọ́, èmi náà lo tún kọ. Bàbá rẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ."

Wàhálà dé. Ìyá Àgbà mọ orúkọ náà, kò lè pè é. Ìyá mi ò mọ̀ ọ́n, bó bá sì mọ̀ ọ́n, òun náà kò gbọdọ̀ pè é. Bàbá mi, tó ń ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Kàdúná, ti wálé lọ́sẹ̀ tó ṣáájú. A bi í, ó ní nígbà tí òun wà lọ́mọdé, Ìyá Kékeré ni àwọn ń pè é, ta ni á gbójú bi àgbà ní orúkọ? Ṣé ẹ rí ilé wa? Ẹni tó mọ orúkọ náà kò lè pè é, ẹni tó lè pè é kò mọ̀ ọ́n. Mo rẹ́rìn-ín títí ìyá mi fi jù mí ní omorogùn.

Ẹnì kan ló kù. Ẹ̀gbọ́n Ẹyinjúẹgẹ́, ọmọ ìyá rẹ̀ gan-an, wà ní oko rẹ̀ ní Òjòkú, orúnkún sì ti dá a dúró síbẹ̀. Bàbá Òjòkú la máa ń pè é. Tíṣà ní òun á lọ bá a. Ìyá Àgbà ní kó mú mi dání, kí ọmọ ilé wà níbẹ̀. Bí mo ṣe gun Fẹ́sípà nígbà àkọ́kọ́ láyé mi nìyẹn.

Ìdí ẹ̀bù iṣu la ti bá Bàbá Òjòkú, ó na ẹsẹ̀ sínú oòrùn. Tíṣà bi í ní orúkọ náà. Ó ní kí a kọ́kọ́ jẹ́ kí òun gbọ́ ohun tó wà nínú ẹ̀rọ. Tíṣà tẹ̀ ẹ́, ohùn Ìyá Àgbà jáde láàárín ẹ̀bù iṣu. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín sí i bí ẹni tó rí ọ̀bọ. Lẹ́yìn náà ó tẹ́tí sí i. Nígbà tó parí, ó ní, "Ohùn ìyàwó wa nìyẹn, ọ̀rọ̀ àbúrò mi ni; ṣùgbọ́n ìyàwó wa gbé ọ̀kan mì." Ó ní nítorí òun ló ṣe gbé e mì, kò jẹ́ bú ọkọ rẹ̀ ní gbangba. Ó wá tún ohùn ṣe, ó sì kì í fúnra rẹ̀:

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìjókòó,
Ọkọ́ yín mọ́ bí àwo tuntun.
Ẹ má jẹ́ kí iṣu gbọ́ pé ẹ ń bọ̀ lóko,
Ẹ̀rín á pa á sínú ebè.

Ó ní lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ kì í lójú àwọn ẹbí ni òun gbé ọkọ́, òun ò sì gbé e sílẹ̀ mọ́ títí orúnkún fi kọ̀. Ó nawọ́ sí gbogbo ẹ̀bù iṣu náà fún wa, ó ní àbúrò òun ló ni ín.

Tíṣà ní, ẹ jọ̀ọ́ bàbá, orúkọ yẹn, ẹ pè é sínú ẹ̀rọ.

"Rárá o. Èmi ò ní pe àbúrò mi nínú igbó bí ẹni ń pe ewúrẹ́. Inú ilé tí wọ́n ti bí i ni kí ọmọ ilé ti pè é."

Ó fà mí mọ́ra, ó sọ ọ́ sí mi létí. Ó ní n kò gbọdọ̀ jẹ́ kó jáde lẹ́nu mi títí n ó fi dé àgbàlá.

Ẹ wo ẹni tí wọ́n gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lé lórí. Èmi tí n kì í lè gbé ìròyìn ti ẹnu ọ̀nà dé yàrá láìsọ ọ́ fún ẹni mẹ́ta. Láti Òjòkú dé Ọ̀fà, mo fi ètè mú ètè. Tíṣà ń bá mi sọ̀rọ̀, mi ò dáhùn, kí orúkọ má baà tẹ̀lé ìdáhùn jáde. Nínú ọkàn mi ni mo ti ń pè é ní gbogbo kòtò tí a bá kó sí, torí ẹ̀rù ń bà mí pé n ó gbàgbé. Bí mo bá gbàgbé, Ìyá Àgbà á máa jẹ́ olè títí ayé.

A délé, Tíṣà gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ síwájú ẹní. Ìyá mi nu ọwọ́, ó wá. Nígbà tí iná pupa kékeré yẹn tàn, mo sún sẹ́yìn. Orúkọ àgbà ni, wọ́n sì ti nà mí rí nítorí orúkọ tí kò tó bẹ́ẹ̀. Ìyá Àgbà rí mi. Ó ní, "Pè é, ọkọ mi. Èmi ni èèwọ̀ dè. Kò dè ọ́."

Mo ní, "Ọyábùnmi ló ṣe ẹkún wọ̀nyí. Ọmọ ilé wa ni."

Ìyá Àgbà, tó jẹ́ pé èèyàn méjì ló máa ń gbé e dìde, fi ọwọ́ méjèèjì ti ilẹ̀, ó kúnlẹ̀. Ìyá mi, tó ti ń fi gbogbo wa ṣẹ̀fẹ̀ láti oṣù kan, kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún un.

Ìyá Àgbà ní, "Ẹ káàbọ̀, ọkọ mi." Kì í ṣe èmi ló ń kí.

Tíṣà gbàgbé láti pa ẹ̀rọ. Gbogbo rẹ̀ ló wà lórí kásẹ́ẹ̀tì, ìró orúnkún wọn nílẹ̀, ìkíni náà, àti irú tó hó dànù sínú iná. Tíṣà tún bébà rẹ̀ kọ. Ní ìgbà òjò kejì lẹ́yìn ìyẹn Ìyá Àgbà kú, ó sì kú bí ẹni tó ń lọ kí èèyàn.

Ìwé mẹ́fà ni mo kà mọ. Abọ́ ike ni mò ń tà lọ́jà báyìí, àwọn oníbàárà sì ń rin ìrìn àjò láti Ìjàgbò kí n lè bú wọn. Mo máa ń gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì náà, àwọn ọmọ Tíṣà ti gbé e sórí fóònù fún mi. Ohùn ọmọ yẹn tinrín, kò sì sí ẹ̀fẹ̀ kankan nínú rẹ̀. Mo máa ń bi ara mi pé ṣé èmi nìyẹn. Ìdí ni pé ọdún mọ́kànlá ni èmi àti obìnrin oníyọ̀ kan fi pín ibòji kan ṣoṣo lọ́jà, Sọ̀rọ̀-kẹ́lẹ́ ni mo sọ ọ́, a jọ jẹun, a jọ bú àwọn tọ́ọ̀gì tó ń gbowó ọjà. Nígbà tó kú, wọ́n wá bi mí pé kí ni kí wọ́n pè nígbà tí wọ́n bá ń kéde. Mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Kò sí èèwọ̀ tó de ẹnu mi, mi ò kàn bi í ni. Ọmọ tó gbé orúkọ kan ti Òjòkú délé láìdà á nù sàn jù mí lọ dáadáa, mo sì gbà fún un.

Ẹni tó bá jókòó tì mí lọ́jà nísinsìnyí, orúkọ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń bi í. Wọ́n ní mò ń ṣe bí ọlọ́pàá. Ọmọbìnrin kan tó ń ta súẹ́tà dé síbẹ̀ lóṣù tó kọjá, mo bi í, ó sọ fún mi. Ó wá wò mí, ó ní, "Mọ́mì, ẹ̀yin náà ńkọ́? Ìyá Oníke ni gbogbo ọjà ń pè yín. Kí ni orúkọ yín gan-an?"

Ó ti tó ọdún mélòó kan tí ẹnikẹ́ni kò bi mí bẹ́ẹ̀. Mo gbé abọ́ ọwọ́ mi sílẹ̀, mo pè é fún un, tèmi àti ti bàbá mi. Lẹ́yìn náà mo ní kó pè é padà kí n gbọ́.