Okùn Tí Màríyámọ̀ Fi Ń Wọn Ẹsẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ Màríyámọ̀ kí ẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún wọ́ ẹsẹ̀ fún yín.

Ẹ̀yìn ìsọ̀ àlùbọ́sà ní Mile 12 ni bẹ́ńṣì rẹ̀ wà. Àwọn alábàárù tó ń já ẹrù tírélà ò mọ oògùn ẹsẹ̀ ríro míì ju ọwọ́ rẹ̀ lọ. Omi gbígbóná, òrí, àtàǹpàkò méjì, ó parí! Wọ́n ní tó bá wọ́ ẹsẹ̀ tábìlì, tábìlì á rìn.

Lọ́dún 2021, kòrónà mú Yúnúsà, àbúrò rẹ̀. Ó lo ọjọ́ mọ́kànlá ní ọsibítù. Kó tó kúrò níbẹ̀, Nọ́ọ̀sì Judith kìlọ̀ fún un pé bí ẹsẹ̀ kan bá wú, kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ̀ ẹ́, kó tètè padà wá. Lọ́jọ́ karùn-ún, ẹsẹ̀ òsì wú, ó gbóná bí ògì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná.

"Àǹtí, nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n má tẹ̀ ẹ́ o."

"Nọ́ọ̀sì wo? Ṣé òun ló kọ́ mi níṣẹ́? Na ẹsẹ̀ jàre, ọ̀lẹ!"

Ó wọ́ ọ. Kò pẹ́ tí Yúnúsà fi di àyà mú, tí kò rí èémí fà mọ́.

Ẹ̀rù bà mí, inú mi sì tún dùn, nígbà tí mo kà nípa ohun tó fà á! Bí a bá fara gbọgbẹ́, ẹ̀jẹ̀ á dì láti dí ojú ọgbẹ́. Tó bá yá, ara fúnra rẹ̀ á yọ́ èyí tó dì. Kòrónà a máa da iṣẹ́ méjèèjì rú: dídì á pọ̀, yíyọ́ ò ní í lè bá a mọ́. Ẹ̀jẹ̀ ti dì sínú iṣan ẹsẹ̀ Yúnúsà. Ó jọ pé wíwọ́ yẹn ló já a kúrò níbi tó lẹ̀ mọ́, tó fi lọ dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró.

Wọ́n sáré gbé e padà sí ọsibítù. "Ta ló tẹ ẹsẹ̀ yìí?" ni dókítà bi wọ́n.

Màríyámọ̀ wolẹ̀. "Obìnrin kan ni, ní Ajégúnlẹ̀. Mi ò mọ orúkọ ẹ̀."

Ike afẹ́fẹ́ bo Yúnúsà nímú. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Abẹ́rẹ́ tí wọ́n fún un kì í yọ́ ẹ̀jẹ̀ náà. Ṣe ló ń dá a dúró kó má pọ̀ sí i, kí ara ráyè yọ́ ọ díẹ̀díẹ̀. Ó yè. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò lè wò ó lójú mọ́. Tí wọ́n bá yin ọwọ́ rẹ̀ lọ́jà, á máa nu ọwọ́ náà mọ́ ìró bí ẹni tó jí ẹja jẹ.

Lọ́dún kejì, alábàárù kan, Abdulkabir, tí kòrónà ṣẹ̀ṣẹ̀ tú sílẹ̀, jókòó sórí bẹ́ńṣì. Ẹsẹ̀ kan wú.

"Àǹtí, ẹ yára, tírélà ti dé."

Yúnúsà wà nítòsí. Màríyámọ̀ gbé òrí kalẹ̀. "Ọsibítù ni ẹsẹ̀ yìí ń lọ. Mi ò ní fọwọ́ kàn án."

"Háà! Àǹtí ti di dókítà!" Ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ rẹ́rìn-ín dáadáa. Obìnrin Ajégúnlẹ̀ tí mo ní ó tẹ ẹsẹ̀ Yúnúsà, èmi gan-an ni. Wọ́n ní kí n má tẹ ẹsẹ̀ àbúrò mi, mo tẹ̀ ẹ́, ó kù díẹ̀ kó kú, mo sì purọ́ fún dókítà."

Ó fi etí ìborùn bojú. Ẹ̀rín gbẹ. Yúnúsà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: "Abdulkabir, dìde. Màá bá ẹ wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá."

Láti ọjọ́ náà ni okùn àpò àlùbọ́sà ti wà lọ́rùn Màríyámọ̀. Òun ló fi ń wọn ẹsẹ̀ méjèèjì kó tó ṣí òrí. Bí ọ̀kan bá ju èkejì lọ, kò ní í fọwọ́ kàn án. Wọ́n á bi í pé kí ló dé, á tún ròyìn gbogbo rẹ̀, ojú á sì tún tì í.

Ẹ má wulẹ̀ gba tẹnu mi. Ẹ lọ síbẹ̀, ẹ ká ṣòkòtò sókè, kí ẹ fojú ara yín rí okùn náà.