Ẹ̀gùn Tí Orville Tesch Pè Ní Ilé Adìyẹ

Ọjọ́ tí Orville Tesch há sórí igi fún wákàtí márùn-ún ni ìlú Larch Creek kò lè gbàgbé. Ẹ̀gùn, ìyẹn ìjókòó tí ọdẹ fi ń lúgọ lórí igi, ló lò, irú èyí tí ọdẹ ń gbé pọ̀n, tó sì fi ń gungi díẹ̀díẹ̀. Apá méjì ni: ìjókòó lókè, ìtẹ̀sẹ̀ nísàlẹ̀. Okùn la fi ń so méjèèjì pọ̀. Orville ní ẹni tí kò mọ igi gùn ló ń so okùn. Bó ṣe gùn ún ga tó òrùlé ilé, ìtẹ̀sẹ̀ já bọ́, ó ku òun àti ìjókòó. Ìbọn rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀, níbi tó fi í sí kó lè fi okùn fà á sókè tó bá jókòó tán. Àgbọ̀nrín oníwo ńlá kan wá, ó gbóòórùn ìbọn náà, ó sì fi ìdí igi họra.

Ọ̀sán ni Verna, ìyàwó rẹ̀, gbé àkàbà dé.

“Orville, kí lò ń ṣe lókè níbẹ̀?”

“Mò ń ronú ni.”

“Ó dáa. Máa ronú bọ̀ nílẹ̀.”

Bí Verna ṣe ń ṣàwàdà tó, ó di àkàbà mú títí Orville fi tẹlẹ̀. Nígbà tí wọ́n délé, ó ní, “Bàbá mi já bọ́ láti orí igi. Kẹ̀kẹ́ arọ ni mo fi ń tì í kiri títí ó fi kú. Ẹni àádọ́rin ọdún ni ẹ́, Orville. Mi ò fẹ́ ti ẹlòmíì mọ́.”

Ni wọ́n bá gba ṣọ́ọ̀bù Milo Kubiak, tó ń ta ohun èlò ọdẹ, lọ, kí wọ́n lọ yan ẹ̀gùn mìíràn.

“Bàbá, ẹ mú èyí tó jẹ́ àkàbà,” ni Milo wí. “Ìjókòó ti wà lórí ẹ̀. Ẹ óò kàn dè é mọ́ igi.”

“Èèyàn mẹ́ta ló ń gbé e nàró. Bí ẹni mẹ́ta bá ti mọ ibi tí mò ń lúgọ sí, kí ló kù nínú àṣírí?”

“Bàbá, odindi ìlú ló ti lọ wo igi yẹn.”

Milo gbé èyí tí wọ́n ń so kọ́ ara igi wá, tí ọdẹ máa ń gun àwọn irin tí wọ́n kàn mọ́ igi bí àtẹ̀gùn dé. Orville gbìyànjú rẹ̀ lára òpó ṣọ́ọ̀bù. Orúnkún rẹ̀ kọ̀ níbi irin kejì. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ní irin ayé ìsinsìnyí kò dáa.

Ó wá ku àhéré kékeré tó wà lórí òpó mẹ́rin, tó ní àtẹ̀gùn, ilẹ̀kùn àti òrùlé.

“Ilé adìyẹ nìyí!” ni Orville pariwo.

“Ṣé o ti rí adìyẹ tó já bọ́ nínú ilé ẹ̀?” ni Verna bi í.

Orville nájà fún wákàtí kan gbáko, títí Milo fi fi tìmùtìmù kan ṣe ènì. Ó jókòó lé e, ó sì kéde pé láti ilé lòun ti yan ẹ̀gùn yìí.

Láti ọdún yẹn, inú àhéré ló ti ń ṣọdẹ. Ó máa ń hanrun níbẹ̀ débi pé láti ojú ọ̀nà la ti ń gbọ́ ọ. Ó ní òun mọ̀ọ́mọ̀ ń hanrun ni, kí ọkàn àwọn àgbọ̀nrín lè balẹ̀.

Ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, nínú oṣù kẹta tó kọjá yìí, orí ibùsùn rẹ̀ ni Orville kú sí, tòun ti ìbọ̀sẹ̀ lẹ́sẹ̀. Lẹ́yìn ìsìnkú, gbogbo wa ń fi ẹ̀rín rántí rẹ̀ ní yàrá ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Verna náà rẹ́rìn-ín, ó sì nu ojú.

“Bí àsìkò ọdẹ bá ti dé,” ó ní, “ojú fèrèsé ìdáná ni mo máa ń dúró sí, tí màá máa wo etí igbó. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni ẹsẹ̀ ara ẹ̀ ń gbé e délé, kì í ṣe kẹ̀kẹ́. Á ṣílẹ̀kùn, á bi mí pé ṣé ọbẹ̀ gbóná.”