Èèkàn Mẹ́sàn-án Lórí Pápá

Màmá mi kì í gbàgbé ọ̀rọ̀, mo sì mọ̀ pé wọn ò ní gbàgbé èyí láé. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi da màlúù lórí pápá ìdílé ọkọ wọn. Nígbà tí bàbá mi kú, màlúù mẹ́tàlélógójì ló wà nílẹ̀, màmá mi sì mọ ìwà ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ju ìwà àwa ọmọ lọ.

Àbúrò bàbá mi, tí màmá mi sọ ní Akọ̀wé, kò fún wàrà rí láyé rẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ló wà lórí ìwé ilẹ̀. Ó lọ bá ilé-iṣẹ́ kan ṣe àdéhùn. Wọ́n ní koríko àti gbòǹgbò máa ń fa èéfín tó ń mú ayé gbóná sínú ilẹ̀, àwọn á sì máa sanwó lọ́dọọdún bí pápá bá sinmi. Màlúù méjìlá péré ló lè kù, wọn ò sì gbọdọ̀ kọjá odò. Bí wọ́n bá kọjá, ilé-iṣẹ́ náà á gbé wọn. Akọ̀wé ní kí màmá mi tẹ̀ka sí i, lẹ́yìn tí òun ti fọwọ́ sí tirẹ̀. Ó ta mọ́kànlélọ́gbọ̀n tó kù.

"Ìyàwó, fara balẹ̀," ló wí. "Owó tí kì í jẹ koríko ló dé yìí."

"Ẹ ṣeun, Akọ̀wé," ni màmá mi dáhùn. Mo mọ irú ẹ ṣeun yẹn. Àánú Akọ̀wé fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe mí.

Ilé-iṣẹ́ náà ri èèkàn pupa mẹ́sàn-án mọ́lẹ̀ ní òdìkejì odò. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, wọ́n á gbẹ́ ìdí wọn yẹ̀ wò. Bí ilẹ̀ bá sàn sí i, àdéhùn á di ogún ọdún. Bí kò bá sàn, pápá á padà di ti màlúù. Ohun tí màmá mi ń wá gan-an nìyẹn. Lọ́sàn-án gangan, tí ojú bá dá, wọ́n á da méjìlá yẹn kọjá odò lọ sí ìdí èèkàn, pé kí wọ́n jẹ koríko ibẹ̀ dé gbòǹgbò, kí wọ́n tẹ ilẹ̀ náà pa.

"Ẹni tó bá dalẹ̀, á bálẹ̀ lọ," ni màmá mi máa ń wí fún àwọn màlúù.

Ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Ibi tí màlúù bá ń dúró sí lójoojúmọ́, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń yàgbẹ́ sí. Nígbà tí àwọn ayẹlẹ̀wò dé, ilẹ̀ ìdí èèkàn dúdú, ó lọ́ràá, wọn ò rí irú rẹ̀ rí. Akọ̀wé ra bàtà tuntun.

Ọjọ́ méjì ni màmá mi ò fi jẹun. Mo ní kí wọ́n fi sílẹ̀, pé a ṣì ní méjìlá. Wọ́n wò mí bí ẹni wo arìndìn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ tọwọ́ bọ̀wé ogún ọdún náà, màmá mi wọ ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ náà. Bírò ti wà lọ́wọ́ Akọ̀wé.

"Ìgbẹ́ màlúù mi lẹ yẹ̀ wò," ni màmá mi sọ fún ọ̀gá ibẹ̀. "Ọdún mẹ́ta ni mo fi dà wọ́n síbẹ̀. Ẹ lọ gbẹ́ ibòmíràn."

"Màmá, ṣé ẹ mọ̀ pé a máa gbé wọn?"

"Mo mọ̀. Ẹni tó mú bírò dání yìí ńkọ́?"

"Gbogbo owó ọdún mẹ́ta ni wọ́n á dá padà."

Bírò bọ́ lọ́wọ́ Akọ̀wé. Inú mi dùn, mi ò ní parọ́.

Ilé-iṣẹ́ náà gbé màlúù méjìlá náà lọ, Akọ̀wé sì ta ilé rẹ̀ láti dá owó wọn padà. Pápá padà di tiwa, koríko ibẹ̀ sì ga dé àyà mi, kò sí ẹran kan tó máa jẹ ẹ́. Mo bi màmá mi léèrè bóyá ó ń dùn wọ́n.

"Ó ń dùn mí gan-an," ni wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n ó dun Akọ̀wé jù mí lọ."