Àpò Aṣọ Iṣẹ́ Hosea

Arzula Tarver ni orúkọ rẹ̀, ilé rẹ̀ sì ni ó kẹ́yìn lójú ọ̀nà wa kí èèyàn tó dé odò Alabama. Ilé tèmi ló ṣáájú tirẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni òun àti Hosea fi jẹ́ tọkọtaya. Ibi tí wọ́n ti ń la gẹdú ni Hosea ti ń ṣiṣẹ́. Àyà dídùn ló pa á, lóṣù kìíní ọdún, nígbà òtútù.

Lọ́dọ̀ wa, bí ọkọ bá kú, ìyàwó rẹ̀ á kó aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ jọ, á gé wọn sí wẹ́wẹ́, á rán wọn pọ̀ di kúbùsù, á sì máa fi bora. Orúnkún ṣòkòtò tó ti gbó, wọ́n á gé e sọ nù. Ibi tí àpò ti wà tẹ́lẹ̀, tí oòrùn ò dé, tó ṣì dúdú, àárín ni wọ́n máa ń fi sí. Kò sí opó kan lójú ọ̀nà yìí tí kò ní irú kúbùsù bẹ́ẹ̀.

Arzula kò gé ohunkóhun. Ó kó àwọn aṣọ náà sínú àpò ìyẹ̀fun kan láìfọ̀ wọ́n, ó so ẹnu rẹ̀, ó sì fi kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

Ìgbà tí mo lọ fi ìbaaka mi tú ilẹ̀ ọgbà rẹ̀ ni mo mọ ìdí rẹ̀. Mo wọlé láti mu omi, mo bá a tó ki orí bọ inú àpò náà. Ó yọ orí jáde, ó so ẹnu àpò náà padà. Kò tijú.

Ó ní, "Ó ṣì wà níbẹ̀, Búrọ̀dá Elihu."

Mo ní, "Kí ni?"

"Hosea ni. Òógùn rẹ̀, oje igi, tábà. Àárọ̀ nìkan ni mo máa ń ṣí i, kó má bàa tètè tán."

Mo mu omi mi.

Ọgbà yẹn, àwọn méjèèjì ló jọ máa ń gbìn ín. Hosea kò lè la poro kan kó tọ́. Arzula a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ejò ló ń ṣáájú ọkọ òun nínú ọgbà. Lọ́dún yìí, bí mo ṣe ń tulẹ̀, ó dúró lẹ́yìn mi, ó ní kí n má jẹ́ kó tọ́ tó bẹ́ẹ̀ yẹn. Mo jẹ́ kó wọ́ díẹ̀. Ó gbin àlùbọ́sà àti ewébẹ̀. Nígbà tó di Ọjọ́ Ẹtì Rere, ó gbin ẹ̀wà, bí gbogbo wa ti ń ṣe.

Luvenia ni ẹ̀gbọ́n Hosea obìnrin. Kò sí ẹni tó mọ abẹ́rẹ́ lò bíi tirẹ̀ nínú ìjọ wa, kò sì sí ẹni tó lẹ́nu tó o. Ó ń sọ kiri pé ewébẹ̀ ni Arzula rí tọ́jú, pé oṣù mẹ́ta ti kọjá, kò tíì sí kúbùsù. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni kí wọ́n má lọ sọ pé àbúrò òun kú, kò rẹ́ni ṣọ̀fọ̀ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì Ọjọ́ Ẹtì Rere, Arzula lọ sí ìlú lọ ra ọmọ tòmátì tó fẹ́ gbìn. Mo rí Luvenia nínú àgbàlá Arzula, ó ń dáná sábẹ́ ìkòkò irin ńlá. Ó ké sí mi pé kí n bá òun fa omi garawa mẹ́fà. Nígbà tí mo gbé ẹ̀kẹta dé, mo rí ohun tó wà nínú ìkòkò. Ṣòkòtò Hosea ni, ó ń hó nínú ọṣẹ.

Luvenia kò ṣe ohun tí èyíkéyìí nínú àwọn obìnrin wa kò ní ṣe. Wọn kì í fi aṣọ tí wọn ò fọ̀ ṣe kúbùsù. Aró rẹ̀ á ṣí sára àwọn yòókù, á sún kì, gbogbo iṣẹ́ á bàjẹ́. Ẹnikẹ́ni nínú wọn kì í béèrè kó tó fọ̀ ọ́. Ó fẹ́ gba iṣẹ́ tó le jù lọ́wọ́ ìyàwó àbúrò rẹ̀ ni.

Èmi mọ ohun tó wà nínú àpò yẹn. Mo gbé garawa kalẹ̀. Ẹ̀pa kò bóró mọ́. Mo lọ fa mẹ́ta tó kù.

Nígbà tí Arzula dé, ṣòkòtò márùn-ún àti ẹ̀wù méje ló wà lórí okùn. Ó gbé ọmọ tòmátì rẹ̀ kalẹ̀. Ó lọ sídìí aṣọ àkọ́kọ́, ó fi imú sí i. Ó bọ́ sídìí èkejì. Méjèèjìlá ló ṣe bẹ́ẹ̀ fún.

Luvenia rò pé ó ń wò ó bóyá wọ́n mọ́ ni. Ó ní, "Wò ó dáadáa. Bó o bá rí ìdọ̀tí kan níbẹ̀, ìwọ lo ni ín, ìwọ tó o kó wọn pamọ́ bí ọ̀bùn."

"Àpò náà ńkọ́, Àǹtí?"

"Mo fọ̀ ọ́ mọ́ ọn. Ó ti ń rùn."

Arzula ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Ó ń rùn."

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lábẹ́ okùn náà. Omi aṣọ ń kán sí i lórí. Luvenia bi mí bóyá orí ìyàwó àbúrò òun ti dàrú. Èmi ni mo sọ ohun tó wà nínú àpò náà fún un. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, tí ọṣẹ ti bó.

Láti Ọjọ́ Ajé títí di Ọjọ́bọ̀, Arzula gé aṣọ náà, ó sì rán an pọ̀. Ní Ọjọ́ Ẹtì, obìnrin mẹ́rin wá láti bá a gán an mọ́ òwú tí wọ́n ń tẹ́ sínú kúbùsù, Luvenia wà lára wọn. Èmi wà níbẹ̀ nítorí pé okùn tó gbé igi tí wọ́n na kúbùsù mọ́ rọ̀ sí àjà tú, wọ́n ní kí n wá so ó. Ọ̀kan nínú wọn sọ pé ìdí ṣòkòtò Hosea nìkan tó bo ọmọ méjì. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Arzula náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Luvenia kò rẹ́rìn-ín. Ó rán ojú mẹ́ta, ó tú u, ó tún un rán, ó tú u.

Ó ní, "Arzula, ọmú kan náà lèmi àti Hosea mu. Ṣé ká ní mo mọ̀, màá fọ̀ ọ́ ni? Èmi náà ì bá gbọ́ òórùn ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

Arzula kò gbé ojú sókè. Ó ní, "Mo rò pé tí mo bá sọ ọ́, ẹ̀yin náà á fẹ́ gbọ́ òórùn ẹ̀. Kò sì pọ̀."

Abẹ́rẹ́ gbogbo wọn dúró. Arzula tẹ̀ síwájú, ó fi imú kan àárín kúbùsù náà, níbi tí aṣọ ti dúdú jù. Ó pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gún abẹ́rẹ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ.

Ó ní, "Ọṣẹ ni. Àǹtí, tẹ́ ẹ bá parí ẹ, ẹ gbé e lọ sílé yín. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ máa fi bora."

Ó dìde, ó gba àárín àwa àti ògiri kọjá, ó jáde.