Ewé Tíì Ẹ̀yìn Balùwẹ̀ Wa

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, ọmọbìnrin mi dé láti Èkó. Ó yọ ìgò kékeré kan nínú báàgì rẹ̀, ó kán an lẹ́ẹ̀mejì sínú omi gbígbóná, òórùn rẹ̀ sì gba gbogbo pálọ̀. Mi ò lè jókòó mọ́. Mo jáde sí ẹ̀yìnkùlé, mo wọlé, mo tún jáde.

"Màmá, kí ló dé? Òróró ewé tíì lásán ni. Wọ́n á se ewé náà, wọ́n á mú kí ooru rẹ̀ tutù, òróró á wá léfòó lórí omi."

Ẹ̀yin ọmọ òde òní, a ti mọ̀ ọ́n kó tó dé inú ìgò. Ní agbo ilé wa ní Ìlá, ẹ̀yìn balùwẹ̀ ni ewé tíì Ìyá Àgbà, ìyá bàbá mi, wà, ó pọ̀ ṣùù, etí rẹ̀ sì ń ya wá lọ́wọ́. Láti Ìrèsì, ìlú wọn, ni wọ́n ti mú gbòǹgbò rẹ̀ wá ilé ọkọ. Wọ́n ń sè é mu lówùúrọ̀ ọyẹ́, wọ́n ń fi omi rẹ̀ wẹ̀ bí iṣẹ́ oko bá rẹ̀ wọ́n, wọ́n ń jó gbígbẹ rẹ̀ lé ẹ̀fọn. Bí ìkòkò bá hó, wọ́n á fi ìka nu òógùn abẹ́ ọmọrí, wọ́n á fi pa wá níwájú orí. Bó bá ṣàn sí mi lójú, n óò ké bí ẹni tí agbọ́n ta, wọ́n á sì máa rẹ́rìn-ín.

Àjọkẹ́ ni ọ̀rẹ́ mi. Ìbàdàn ni bàbá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí ìyá rẹ̀ lọ kí àwọn ènìyàn wọn ní Ìgbájọ, ọ̀dọ̀ wa ló fi í sí, ibẹ̀ ni ibà sì ti mú un.

"Má sọ fún ẹnikẹ́ni," mo ní. "Èmi ni n óò wò ọ́ sàn."

Ọjọ́ méjì gbáko, bí Ìyá Àgbà bá ti lọ oko, n óò se ewé, n óò da aṣọ bo òun àti ìkòkò. Lọ́jọ́ kẹta, kò dá mi mọ̀ mọ́. Ìyá Àgbà rí ìkòkò ewé, wọ́n fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, wọ́n figbe ta.

"Ara tó rẹ̀ ni ewé yìí wà fún, kì í ṣe irú ibà yìí!"

Wọ́n pọ̀n ọ́n, wọ́n sáré lọ sí ọsibítù. Ara rẹ̀ yá, ṣùgbọ́n láti ibẹ̀ ni bàbá rẹ̀ ti mú un lọ sí Ìbàdàn. Ẹnikẹ́ni ò nà mí. Ìyẹn ló dùn mí jù. Fún oṣù bíi mélòó kan, mọ́tò kì í dúró lójú títì kí n má sáré jáde.

Wọ́n ti da símẹ́ǹtì sí ẹ̀yìn balùwẹ̀ náà báyìí. Inú ìgò lẹ ti ń ra ohun tí a ń nu lábẹ́ ọmọrí. Kò burú, ó ń tu ara yín bó ṣe tu tiwa. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tí mi ò sọ fún Àjọkẹ́ kò kúrò lọ́kàn mi.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdé, mo gun ọ̀kadà lọ sí ilé àwọn ẹbí ìyá rẹ̀ ní Ìgbájọ. Ìyàwó ilé kan bá mi pè é lórí fóònù. Gbogbo ohun tí mo ti tò sílẹ̀ láti sọ ló fò lọ.

"Àjọkẹ́," mo ní, "má bínú. Èmi ni mo ní kó o má sọ."

Ó pè mí ní orúkọ tí òun nìkan máa ń pè mí nígbà tí a wà lọ́mọdé.